Ẹsẹ̀ Irun Mẹ́fà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo fẹ́ bi yín léèrè: ẹsẹ̀ irun mẹ́fà lórí arúgbó tí irun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí a tó dì í tán? Ẹ má tíì dáhùn.

Onídìrí kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ. Kì í ṣe ahun, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: gbogbo ohun tó lè mú inú rẹ̀ dùn ló máa ń sún síwájú. Bí ọdún bá ti ku oṣù kan, tí ẹnìkan ní kó wá jókòó, á ní ó di ẹ̀yìn ọdún. Ká ní ẹ̀rín ń pa òun fúnra rẹ̀, á ní kí ẹ̀rín náà dúró di ẹ̀yìn ọdún. Àwọn oníbàárà wá sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀yìn-Ọdún.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ ìkélé kan péré ló wà láàárín wọn. Nígbà tí onídìrí wà lọ́mọdé, ìyá yìí ló máa ń dirun fún un láàárọ̀ Sátidé lẹ́bàá fèrèsé. Á gbé orí ọmọ lé orúnkún, á máa kọrin sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, oorun á sì gbé ọmọ lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ tó fi ń jẹun.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mú òòyà onígi rẹ̀, ó gbé àpótí kékeré, ó wá jókòó ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré. Mi ò fẹ́ dárà. Kí n ṣáà gbórí lé ọ lórúnkún."

"Màámi, ẹ ò rí èrò ni? Ó dẹ̀yìn ọdún."

"Èrò ò ní tán láyé. Bí èèyàn bá ń sunkún, ó ṣì máa ń ríran."

"Mo ṣèlérí fún yín, Màámi. Bí ọdún bá ti lọ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó."

Oníbàárà kan tó wà lórí àga bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ gba nọ́ńbà bíi tiwa. Èmi gan-an, àná ni mo ti dé."

Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó so ìborí rẹ̀ padà, ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé e jáde.

Aránbàtà kan wà ní ìsọ̀ kejì. Bàtà ọdún kún ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà dé àjà. Síbẹ̀, bí ọ̀sán bá pọ́n, òun àti ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á pín ọsàn kan jẹ, wọ́n á máa sọ kóró rẹ̀ sínú agolo. Ẹni tó bá tàsé ni yóò gbálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá sọ kóró kan," ni aránbàtà ń pè é. "Bàtà ò ní sá lọ, irun náà ò ní sá."

"Ẹ máa ṣeré yín lọ. Tèmi dẹ̀yìn ọdún."

"Òní la rí, ẹ̀gbọ́n. Ta ló mọ ẹ̀yìn ọdún kó tó dé?"

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ẹsẹ̀ ò gbèrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun ń hó gèè. Láàárọ̀, ìyá yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Ó wo èrò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì padà sínú. Onídìrí rí i. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ìyá ò béèrè ohunkóhun. Ọ̀sán pọ́n, kò wọlé wò ó. Oòrùn ń wọ̀ kí oníbàárà tó kẹ́yìn tó lọ, kí òun tó ká aṣọ ìkélé sókè.

Ilẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti di ẹsẹ̀ irun méjì fúnra rẹ̀, wọ́n rí wọ́gọwọ̀gọ. Òòyà ṣì há sí ẹ̀kẹta.

Nílé ìwòsàn, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ó ti tó wákàtí mẹ́fà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ká ní wọ́n tètè gbé wọn wá ni. Ta ló wà nílé pẹ̀lú wọn?"

Onídìrí wolẹ̀. "Èmi ni, sà."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìyá ò kú, ṣùgbọ́n apá kan ara rẹ̀ rọ, iyè rẹ̀ sì ra. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, ọdún ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ti dá. Onídìrí jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé orí ìyá lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ tutù, arábìnrin," ni ìyá fi ẹnu wíwọ́ sọ. "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ yín ni mí, Màámi."

"Rárá o. Ọmọ mi ò ráyè. Jọ̀ọ́, má dì í tán. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yìn ọdún ló dá fún mi."

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Iṣẹ́ ò burú, Ọlọ́run ò sì fẹ́ràn ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún wa lọ́jọ́ ọdún náà ló fún wa láàárọ̀ lásán. Ayọ̀ kì í dúró dìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àárín wàhálà gan-an ló máa ń wá jókòó sí, lórí àpótí kékeré, á máa wojú ẹni. Ẹni tó bá ní kó lọ ná, kó padà wá, kó má ṣe bínú bó bá padà wá tí kò dá a mọ̀ mọ́.

Ní ti onídìrí, ẹsẹ̀ márùn-ún ló dì lọ́jọ́ náà, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ bí ìyá ṣe wí. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní, "Màámi, ọmọ yín ti ráyè." Ó wá di ẹsẹ̀ kẹfà fún un. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ.