Ọ̀mùtí Inú Fíìmù Ìjọ

Mo kí yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi ẹ̀rín sí wa lẹ́nu.

"Nínú gbogbo wọn, ọ̀mùtí yẹn ló mọ eré ṣe jù!" ni alárìíwísí fíìmù tí wọ́n pè wá láti Adó sọ sínú máìkì.

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn ìjọ ní Àrámọkọ, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù tí àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ṣe. Orí alárìíwísí wú. Bí ètò bá parí, Ọpẹ́olúwa, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, yóò mú un lọ kí bàbá ọmọbìnrin náà, tí òun kò tíì rí rí, kí ó lè tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá náà.

Ọpẹ́olúwa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò kà á sí.

"Ẹ ò rí bó ṣe fi eyín ṣí ìgò, tí ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀? Wọn kì í kọ́ èèyàn níyẹn. Ẹni tó ń mu ún ní kọ̀rọ̀ ló ń mọ̀ ọ́n!"

"O ṣeun, ọmọ mi!" Ìyá Ọpẹ́olúwa ti dìde láàárín àwọn akọrin. "Ohun tí mò ń sọ nílé nìyẹn! Bàbá Ọpẹ́, ṣé ẹ gbọ́?"

Gbogbo ojú yí sí ìjókòó àwọn alàgbà. Ọ̀mùtí inú fíìmù jókòó síbẹ̀ nínú agbádá funfun, láìsí irùngbọ̀n àtọwọ́dá tó fi ṣeré, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

"Bàbá rẹ nìyẹn?" ni alárìíwísí fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bèèrè.

"Àwọn ni," ni Ọpẹ́olúwa dáhùn. "Màmá ti gbà ọ́. Ó ku ẹnì kan."

Kí Olúwa fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ẹnu yín, kí ẹ sì rí ojú rere níbi tí ẹ bá ń lọ tọrọ. Àmín.