Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá Ìjì

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ọkọ̀ eré àtijọ́ ni, imú rẹ̀ gùn, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ sì ti ń ṣí. Ó tẹ̀ sápá kan bí ẹni tí ìbàdí ń dùn. Nígbà tó fi jáàkì gbé e, tó di táyà iwájú mú, táyà náà mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

“Gbogbo rọ́bà búṣìn ló ti jẹ tán,” ni ó wí. “Ṣọ́ọ̀kì ń da ọ́ìlì. Sípíríǹgì ti rọ̀. Ẹ ò lè fi èyí sáré mọ́, Bàbá.”

“Ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ fi sáré.”

Bàbá Ìjì ni gbogbo ènìyàn ń pe ọlọ́kọ̀ náà, láti ìgbà tó ti ń gba ife-ẹ̀yẹ ní pápá eré ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú. Irun rẹ̀ ti funfun báláú báyìí. Mẹkáníìkì fún un ní bẹ́ńṣì. Ó fìdí kàn án, ó dìde, ó yí ọkọ̀ náà po, ó tún padà wá fìdí kàn án.

“Ta lẹ fẹ́ bá sáré?”

“Ọmọ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ọkọ̀ wíwà. Ó ti nà mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún nà mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí n lọ sinmi.”

“Ọmọ ọ̀hún ò mọ àgbà nìyẹn.”

Bàbá Ìjì rẹ́rìn-ín. “Ó mọ̀ ọ́n. Ó máa ń kí mi dáadáa kó tó nà mí.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí bàbá náà ti lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, irun rẹ̀ dídì gùn dé èjìká. Ó kí mẹkáníìkì, ó lóṣòó, ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà títí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “ẹ bá mi dá iṣẹ́ yìí dúró. Kó ṣáà ti kọjá Sátidé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín.”

“Ṣé ara wọn ò yá ni?”

“Ara wọn le ju tèmi lọ. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn. Tí bàbá mi bá ti jókòó sínú ọkọ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà sì dára, wọn kì í ro ti ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò rí oorun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ní àwọn ń gbé e bọ̀ níbí.”

Ojú rẹ̀ ti wọnú. Mẹkáníìkì náà ní bàbá nílé. Àánú ṣe é.

“Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n,” ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó ròyìn fún un. “Bí bàbá yẹn bá lọ kú sórí pápá ńkọ́? Ọrùn ta ló máa wà?”

Ni mẹkáníìkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Búṣìn tuntun dé, ó kó wọn pamọ́ sínú àpótí irinṣẹ́, ó ní wọn ò tíì dé. Ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá Ìjì ń wá dúró lẹ́nu géètì, tó ń wo ojú títì bí aboyún tó ń retí ọkọ. Sípánà ń jábọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

“Wọ́n ní ó di ọ̀la, Bàbá.”

“Ọ̀la náà ni wọ́n wí lánàá.”

Ní Ọjọ́bọ̀, mẹkáníìkì wọlé, ó rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ sí ìta lábẹ́ ọkọ̀ náà. Bàbá Ìjì ló nà gbalaja síbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn búṣìn tó ti jẹ padà sáyè wọn.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Tí tuntun ò bá dé, màá fi ògbólógbòó sáré.”

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì kan tí bàbá náà ti dè. Ó tú. Ó lọ síbi àpótí, ó kó búṣìn tuntun jáde, ó gbé wọn sílẹ̀. Bàbá Ìjì wò wọ́n, ó wo ojú rẹ̀, ó sì nawọ́ mú sípánà.

Wọ́n jọ ṣe é. Búṣìn wọlé, ṣọ́ọ̀kì tuntun wọlé, sípíríǹgì tó le wọlé. Mẹkáníìkì kò de àwọn nọ́ọ̀tì náà pa títí ọkọ̀ fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, nítorí búṣìn tí wọ́n bá dè pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè kì í pẹ́ ya.

Ọmọbìnrin náà tún dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

“Sípíríǹgì wo lẹ fi sí i?”

“Èyí tó le. Kò ní yẹ̀ ní kọ́nà.”

Ó fọwọ́ méjèèjì tẹ imú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Imú náà lọ sílẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́ẹ́. Obìnrin náà dijú.

“Ẹ ti pa mí, ẹ̀gbọ́n.”

“Ẹ má bínú. Ọwọ́ ara wọn ni wọn ì bá fi ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù.”

“Iṣẹ́ yín dára,” ni ó wí, ó sì jáde.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, mẹkáníìkì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ sí pápá, ó di irin tí wọ́n fi sọgbà mú. Bàbá Ìjì yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan láti dán ọkọ̀ wò. Ó gba kọ́nà tó burú jù kọjá láìtẹ̀, ó sì wá dúró lójú ìlà. Mẹkáníìkì ń wá ọmọbìnrin náà láàárín èrò, kó lè dúró tì í bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò rí i.

Ọkọ̀ pupa kan wá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá náà, ẹni tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ akoto lórí, irun dídì rẹ̀ já sí èjìká, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà níwájú alátakò rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra nà mí lónìí.”