Ọkọ̀ Tó Pa Iná

"Irọ́ ni!" Díákónì ju páàdì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Joel ní Ìlọrà. "Mo pa gbogbo iná ọkọ̀ mi láàárín ìràwọ̀. Báwo lọ̀tá ṣe rí mi?"

"Ẹ́ńjìnnì yín ṣì gbóná, sà. Òtútù pọ̀ lọ́hùn-ún, ooru ò ṣeé fi pamọ́."

"Òpùrọ́!"

Ohùn ìyàwó rẹ̀ dún níta. Díákónì bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Joel, o rí Bàbá Ìyìn? Àìsàn ìyá mi ti le ní Awẹ́, wọ́n sì ní máṣíìnì tí àwọn ì bá fi gbé mi lọ ti kú látàná."

"N ò rí wọn, mà."

Díákónì yọjú. Ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ká tapólì kúrò lórí alùpùpù tí òun fi pamọ́ síta, tó gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì nínú ọyẹ́ àárọ̀, tó sì yára fà á sẹ́yìn.

"Bàbá Ìyìn, ẹ jáde! Òkú máṣíìnì yín jó mi lọ́wọ́!"