Arúgbó Tí Ò Lẹ́nì Kan Láyé

Ẹ wá wo àwa olóore ojú ayé!

Ẹgbẹ́ obìnrin wa ti kún yàrá kan ṣoṣo màmá yìí.

Màmá ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó sáré nu àga fún alága wa.

Alága ò jókòó.

Ó gbé àpò ìrẹsì síwájú màmá, ó fẹyín sí kámẹ́rà bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín.

"Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tébi ń pa kì í rẹ́rìn-ín."

Mo ya fọ́tò.

"Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé arúgbó tí ò lẹ́nì kan láyé ni."

Kí n tó kọ ọ́ tán, alága ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Màmá di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí mo ń fún ẹ lọ́mú, ta ló ya wá ní fọ́tò?"