Festus Kò Mọ Ìyá Àyìnkẹ́ Rí

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ nù o. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ẹran wà.

1. Ìyá Àyìnkẹ́ ará Ìfisìn, ní agbègbè Ìdó ní Èkìtì, ló tọ́ Festus dàgbà nígbà tí ìyá Festus, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú. Epo pupa tó ń ṣe ló fi rán an níwèé. Festus di aṣòfin ní Adó, ó ṣe sáà kan. Ní ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìdó, gómìnà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé Aṣòfin pé òun fẹ́ fi ṣe kọmíṣọ́nà. Àfi bí ẹni tí nǹkan ń gùn: wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tó ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ibi tí àwọn obìnrin Ìfisìn ti ń ṣe epo ká. Ó ní ilé epo bẹntiróòlù lòun fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

2. Ìyá Àyìnkẹ́ lọ bá a ní ilé rẹ̀ ní Ìfàkì.

"Ọmọ mi, uṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ lo ti ìlẹ̀kùn mọ́ yìí. Ibo ni ká lọ?"

Festus ò tilẹ̀ gbé fóònù kúrò létí. "Màmá, ẹ lọ fẹjọ́ sùn níbi tó bá wù yín. Ilé Aṣòfin kì í da ẹni tó ti ṣe aṣòfin rí láàmú. Wọ́n á ní kí n tẹríba kí n máa lọ, ó parí."

Ó dun ìyá náà wọra, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n wọ takisí, ó di Adó.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹnu Olórí Ilé ti fẹ́ẹ́ sọ "tẹríba" nígbà tí Ọláyíwọlá, aṣòfin àgbègbè wọn, dìde, ó ní àwọn ìyá kan lẹ́jọ́, wọ́n sì pè wọ́n wọlé. Festus ti búra pé òótọ́ lòun ó sọ. Ó wo Ìyá Àyìnkẹ́ látòkè délẹ̀.

"N kò mọ obìnrin yìí rí. Àwọn ọ̀tá mi ló rán an wá."

"Ìyá, kí lẹ rí sọ?" ni Olórí Ilé bi í.

Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀, tí ará ìta kò mọ̀. Festus jẹgba lọ́mọdé nítorí pé ó ń gbàgbé àtidọ̀bálẹ̀ dá a lóhùn. Ìyá Àyìnkẹ́ kò ro ẹjọ́ kankan. Ó rọra fi ìkíni náà kí i.

Kí Festus tó rántí agbádá ọrùn rẹ̀, ó ti nà gbalaja sílẹ̀, ó ń dáhùn.

Olórí Ilé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí nìyẹn? Ó dáa. Ẹ ti tẹríba. Ẹ máa lọ."

4. Wọ́n wọ́gi lé orúkọ Festus lójú ẹsẹ̀. Orin ni àwọn obìnrin náà kọ dé Ìfisìn, wọ́n sì hú wáyà ọ̀hún fúnra wọn. Festus kò rójú wá bá wọn jà. Inú Ìyá Àyìnkẹ́ dùn débi pé ó jó yí agbada epo ká.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí ò ń wá ipò ńlá, má ṣe sẹ́ ẹni tó tọ́ ọ. Ojú tí o fi wo ará ilé rẹ nílé, òun ni yóò tẹ̀lé ọ dé gbàgede. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.