Àtàǹpàkò Mi Lórí Ìwé Oyèdìjí

Èmi tí mo lè fá orí ogójì èèyàn kí omi ẹ̀kọ tó hó, èmi náà ni wọ́n ń pè kí n wá fá orí àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún lẹ́wọ̀n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Oyèdìjí ló kàn. Òun ló ju ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sí kànga, ọmọ ọdún márùn-ún.

Ó ti ronú pìwà dà o. Orin ìjọ ló ń kọ, orí ẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ìgbín, gbogbo ẹ̀ ń rí mi lára.

Wọ́dà gbé ìwé kan wá. "Onígbàjámọ̀, tẹ̀ka síbí. Ìwọ lò ń fárí fún un, o mọ̀ pé ó ti yí padà. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, gómìnà máa dá ẹ̀mí ẹ̀ sí."

Mo ní, "Ọ̀gá wọ́dà, ṣé ọmọ yẹn ti tẹ tiẹ̀ ni?"

Oyèdìjí rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, Ọlọ́run ti fọ̀ mí mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga. Omi ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn mi, tó, tó, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀ láti oṣù mẹ́ta.

Èmi tí mo ti gbá ẹkùn létí rí, mo ní kí n yáa tẹ̀ ẹ́ kí n máa lọ. Mo ti ìka bọ yíǹkì. Ó ku díẹ̀ kó kan ìwé ni ọwọ́ kékeré kan, tó tutù, tó rin gbingbin, di àtàǹpàkò mi mú, ó sì rọra fà á kúrò.