Onílàjà Orí Láìnì

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí aránṣọ gbé fóònù ẹ̀ ti ara ẹ̀rọ ìránṣọ, tó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Bí ìyẹn ṣe gbé e, ó ní kó dúró díẹ̀, ó tẹ ojú fóònù, ó pe àbúrò wọn ọkùnrin. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń dúró. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun nìkan ni wọ́n jọ ń bá sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní ìka ẹ̀ ti yá lórí gíláàsì ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Táìsì ló fa ìjà. Iṣẹ́ àbúrò ni kó máa lẹ táìsì, ó sì bá ẹ̀gbọ́n lẹ ti ilé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ olórí àwọn alásè ní ilé ìwé kan, sọ níwájú àlejò pé bí afọ́jú bá lẹ ẹ́, á gún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò kó irinṣẹ́ ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ ilé òun mọ́. Àbúrò náà ní bí òun bá rí i lẹ́nu ọ̀nà òun, òun á tilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọsibítù ní kí wọ́n wá gbé màmá wọn lọ sílé. Apá kan àti ẹsẹ̀ kan ti rọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé látìgbà náà, aránṣọ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, láàárín ṣòkòtò kan sí òmíràn. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ pé bó bá ní òun ń bọ̀, kí àwọn kúkú jókòó.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ní ìlú míì ti ní kó wá ṣe ọ̀gá yàrá ìránṣọ àwọn. Látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ló ti ń wá irú ẹ̀. Ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Kò ṣeé gbé màmá dání, nítorí náà, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì ní láti gbà á.

Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ohun tó wu òun tó kí màmá wá sọ́dọ̀ òun. Yàrá wà, bẹ́ẹ̀dì wà. Àmọ́ bí màmá bá wà níbẹ̀, àbúrò á máa wá wò ó, òun sì ti búra.

“Sọ fún un kó wá tọrọ àforíjì,” ló wí, “kí ikọ́ yẹn tó gba ohùn lẹ́nu ẹ̀.”

Aránṣọ bọ́ sí láìnì kejì. Àbúrò kọ́kọ́ wúkọ́, ó ní ọjọ́ kẹrin rèé tó ti ń bá òun fà á. Òun náà ní kí wọ́n gbé màmá wá, lónìí pàápàá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n á máa yọjú.

“Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú nítorí obìnrin yẹn,” ló ní. “Onílàjà ní í forí gbọgbẹ́.”

“Orí tèmi ti yi,” aránṣọ dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí kọ́ ló ṣe ń gbé e lọ. Ó máa ń ká etí ẹ̀ bí etí aṣọ kó má tú. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò kí i.

“Ó kí mi?”

“Ó kí yín.”

Ẹ̀gbọ́n pòṣé. “Ta ló ní kó kí mi?”

Ó lọ, ó bọ̀, ó tó ìgbà márùn-ún. Aago kọjá mọ́kànlá. Màmá ń pè é láti ẹ̀yìn. Lójú fóònù, àmì ọfà méjì kan wà tí orí wọn pàdé. Ọkùnrin onífóònù ti sọ fún un pé bó bá tẹ ìyẹn, àwọn méjèèjì á máa gbóhùn ara wọn. Kò dán an wò rí, torí ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ síra wọn ń bà á. Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ jọ wà lórí láìnì báyìí o. Màmá ń pè mí, mo ń gbé fóònù sílẹ̀. Kí n tó dé, kí ọ̀kan nínú yín ti sọ pé òun á gbé Màmá. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.”

Ó gbé fóònù lé orí aṣọ tó ti gé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó yí màmá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bá a tún bẹ́ẹ̀dì tẹ́, ó fún un lómi. Màmá béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

“Àwọn ọmọ yín ni. Wọ́n ń parí ìjà lọ́wọ́.”

Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tètè padà, kí wọ́n má tún bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ fi bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra rìn bọ̀. Kò gbọ́ ariwo kankan. Inú ẹ̀ dùn. Ó mú fóònù, ó fi sí etí, kò sọ̀rọ̀, kó má bàa da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lẹ́nu.

“Má jẹ́ kí àánú ẹ̀ ṣe ẹ́,” ẹ̀gbọ́n ń wí fún àbúrò, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lánàá, “àbí o ti gbàgbé ohun tá a jọ sọ ní ọsibítù, pé ọjọ́ tá a bá parí ìjà yìí, ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú wa máa gbé Màmá?”